Ẹ Má Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ríran Ọmọ Ogun Tó Fara Gbọgbẹ́ Lọ́wọ́

Ọmọ ogun tó fi ẹsẹ̀ méjì lọ sójú ogun tó sì fi ọ̀kan bọ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i tí àánú rẹ̀ kò ní ṣe é. Lójú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ á ti tọwọ́ bọ àpò. Àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ níbí kì í ṣe ti ahun, ti ọ̀làwọ́ ni. Owó ti jáde, inú sì mọ́, síbẹ̀ ohun tí wọ́n rà kò wúlò fún ẹni tí wọ́n rà á fún, nítorí pé kò sẹ́ni tó bi í léèrè.

Ẹ má ra ẹsẹ̀ láìbi ẹni tó máa wọ̀ ọ́

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Ẹgbẹ́ kan á dáwó jọ, wọ́n á ra ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, wọ́n á gbé e lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ níwájú èrò, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pàtẹ́wọ́, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ibi tí dókítà ti gé ẹsẹ̀ máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ kí wíwú náà tó lọ tán. Bó ṣe ń fà ni ìrísí ibẹ̀ ń yí padà. Nítorí náà, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó bá a mu rẹ́gí lónìí lè ti tóbi jù fún un lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ ó wá máa rí i tó ń fi ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀, ọ̀kan láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú, kó ṣáà lè fún mọ́ ọn. Tí kò bá sẹ́ni tó máa bá a tún ihò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ̀ ṣe, awọ ara á bó, á di egbò, ẹsẹ̀ olówó gọbọi á wá di ohun tó gbé ti ògiri.

Kódà tí ibẹ̀ bá jinná tán, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kì í bá èèyàn dalẹ́. Ó máa ń gbó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọmọ ọdún 25 máa lo púpọ̀ kó tó darúgbó. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi í nìyí: Ta ló ń bá ọ tún un ṣe? Ibo lẹni náà wà? Ta ló ń sanwó ọkọ̀ débẹ̀? Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ wà nílé, owó ọkọ̀ ni kò sí. Owó ọkọ̀ kò ṣeé yà ní fọ́tò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ló máa mú ọkùnrin náà rìn.

Ti àga onítáyà kò yàtọ̀. Ẹni tí ọta ìbọn ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ lè má mọ nǹkan kan lára láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀. Bí àga bá há jù tàbí tó fẹ̀ jù, tí tìmùtìmù rẹ̀ kò sì dáa, egbò á ti jẹ wọ inú ìdí rẹ̀ kó tó mọ̀, egbò yẹn sì lè gbẹ̀mí èèyàn. Ẹ má ra ogún àga oníwọ̀n kan náà fún ogún èèyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn kálukú.

Ẹ má rò pé ọgbẹ́ tí ojú rí nìkan ló wà

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, iléeṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun tiwọn kan pé ojo ni wọ́n, tàbí pé wọ́n sá lójú ogun. Orí àwọn kan nínú wọn ti dàrú nítorí ohun tí ojú wọn rí àti ariwo àdó olóró. Ọdún 2006 ni ìjọba tó wá dárí ji 306 lára wọn, lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹgbẹ́ aláàánú Combat Stress, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919 nítorí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní.

Lónìí, ẹnu la fi ń yìnbọn fún wọn. “Ṣe bí ọkùnrin.” “Ṣebí o ti dé, gbàgbé ẹ̀.” Èyí tó burú jù ni ti àgbàlagbà tó ń béèrè pé, “Èèyàn mélòó lo pa?” Tí ẹ bá rí i pé ó máa ń wá àyè tó dojú kọ ilẹ̀kùn kó tó jókòó, pé kì í sùn lóru, pé ó máa ń ta gìrì tí ohun kékeré bá já lulẹ̀, ẹ má pè é ní oníwàkiwà. Ẹ má sì yin bángà níbi àpèjẹ tí ẹ ṣe láti fi kí i káàbọ̀. Owó tí ẹ fẹ́ fi se àpèjẹ náà, bí ẹ bá fi sanwó fún onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn tí á máa rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò ṣe é lóore jù. Tí ó bá sì ní òun kò fẹ́, ẹ má fipá mú un. Ẹ padà béèrè tó bá yá.

Ẹ má fowó sílẹ̀ nítorí orúkọ tó dún

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bobby Thompson sọ pé ọ̀gá ológun ojú omi lòun tẹ́lẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó pè ní U.S. Navy Veterans Association, ó ń ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn olóṣèlú ńlá, àwọn kan sì ń bá a fi tẹlifóònù tọrọ owó kiri. Lẹ́yìn tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 2012, wọ́n rí i pé John Donald Cody lorúkọ rẹ̀ gan-an, agbẹjọ́rò tó kàwé ní Harvard. Wọ́n bá owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan dọ́là nínú àpótí rẹ̀. Ní 2013, ilé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ Ohio rán an lẹ́wọ̀n ọdún 28 nítorí jìbìtì náà.

Oníjìbìtì mọ̀ pé ojú á máa tì wá láti béèrè ìbéèrè níbi tí wọ́n bá ti dárúkọ ọmọ ogun. Ẹ béèrè. Bí ẹnì kan bá pè yín tó ń kán yín lójú, ẹ gé fóònù, ẹ fúnra yín wá nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì pè wọ́n. Ẹ wò ó bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò owó wọn hàn yín. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi káàdì ẹ̀bùn sanwó, olè ni, ẹ má bá a jiyàn rárá.

Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn kẹ́wọ́ pé ẹgbẹ́ rere kò gbọ́dọ̀ sanwó oṣù fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ tí kò ní akọ̀wé owó, owó lè tètè sọnù níbẹ̀.

Ẹ má sọ ọ́ di alágbe

Peacemaker Azuegbulam pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ogun ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà lọ́dún 2020. Ní 2023, ní ìlú Düsseldorf ní Jámánì, ó gba góòlù nínú gbígbé irin níbi ìdíje Invictus, tí wọ́n ti ń ṣe láti 2014 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa gbé irin o, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ fẹ́ràn eré ìdárayá. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Bí ẹ bá ní iléeṣẹ́, ẹ gbà á síṣẹ́. Tí ẹ bá sì ràn án lọ́wọ́ tán, ẹ má gbé fídíò ẹkún rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: oore tí a ṣe tí a lóṣòó tì, bí aláìṣe ni.

Ẹ má gbàgbé ará ilé

Ta ló ń wẹ ọgbẹ́ lóru? Ta ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò lè dá dìde? Ìyàwó ni, tàbí ìyá. Láti 1990 ni ẹgbẹ́ aláàánú Fisher House ní Amẹ́ríkà ti ń kọ́ ilé sẹ́bàá ilé ìwòsàn ológun, tí àwọn mọ̀lẹ́bí á máa gbé lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí èèyàn wọn bá ń gba ìtọ́jú. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, ẹ bi ìyàwó náà léèrè ìgbà tó sùn gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Ní ti opó ọmọ ogun, ọjọ́ ìsìnkú ni èrò máa ń pọ̀. Ọdún kejì ni kò ní sẹ́ni tó pè é, ọdún náà gan-an sì ni owó tí wọ́n kó jọ fún un á ti tán. Bí ẹ bá fẹ́ sanwó ilé ìwé àwọn ọmọ, ẹ san án fún ilé ìwé tààrà, kẹ́ ẹ sì sọ iye ọdún tí agbára yín gbé fún ìyá wọn. Bí owó bá tán lọ́wọ́ yín láàárín kan, ẹ tètè sọ fún un kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kó lè wá ọ̀nà míì.