Bí A Ṣe Lè Fi Òjìji Ọ̀pá Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Ojú Ọ̀run fún Ọmọdé

Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀run. Àgbàlá ilé wa ní Òṣogbo níbí tó fún un. Èrò mi ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan kí a tó ṣàlàyé rẹ̀, nítorí náà òjìji ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, ẹ ri ọ̀pá kan tó gùn tó apá ọmọ náà mọ́lẹ̀ níbi tí ilé tàbí igi kò ti ní ṣíji bò ó, kí ọmọ fúnra rẹ̀ sì máa fi òkúta sí ibi tí orí òjìji dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Yóò rí i pé òjìji ń kúrú bọ̀, ó sì tún ń gùn sí i títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe sọ fún un pé aago 12 géérégé ni ó máa ń kúrú jù, nítorí aago tí gbogbo Nàìjíríà ń lò kò bá oòrùn Òṣogbo mu: nǹkan bí aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 40 ni oòrùn máa ń ga jù lọ́dọ̀ wa. Òkúta yẹn ni yóò fi hàn án. Tí ẹ bá tún un ṣe ní oṣù Kẹfà, òjìji ọ̀sán yóò nà sí gúúsù. Ní oṣù Kejìlá, yóò nà sí àríwá. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń wà ní àtàrí wa gan-an, òjìji a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ìmọ́lẹ̀ tó ba ọ̀pá náà ti kúrò lára oòrùn láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 sẹ́yìn.

Òfin kan kò gbọdọ̀ yẹ̀: ọmọ kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ oòrùn, ìbáà jẹ́ inú dígí dúdú tàbí inú omi abọ́ ni ó ti fẹ́ wò ó.

Ní alẹ́, ẹ tan iná kan ṣoṣo sínú yàrá, kí ọmọ máa yí sí apá òsì díẹ̀díẹ̀ lójú kan. Nígbà tí ó bá kọjú sí iná, ọ̀sán ni. Nígbà tí ó bá kẹ̀yìn sí i, òru ni, ilé ayé sì ń yí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ fi igi tín-ín-rín gún ọsàn, kí ó nà án síwájú, kí ó gbé e ga ju orí rẹ̀ lọ díẹ̀, kí ó sì tún yí. Yóò rí bí ọsàn ṣe ń mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, títí yóò fi mọ́lẹ̀ yíká. Láti ìgbà tí òṣùpá bá ti lé títí di ìgbà tí òmíràn yóò lé, ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ ni. Kí ọmọ ya àwòrán rẹ̀ ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá bi yín nípa àgùàlà tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ayé mìíràn ni, tó ń yí oòrùn po bíi tiwa, kò sì sí lẹ́yìn òṣùpá ní gbogbo alẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí lẹ́yìn tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé fi eruku bo ojú ọ̀run.