Ìgò Mélòó Ni Ọmọ Yín Ń Mu? Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Tí Ọmọ Rẹ̀ Ń Fà Sẹ́yìn Nílé Ìwé

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, a ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lóògùn. Ẹ ti ń ṣe é kí a tó dé. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló gbé ìwé yìí jáde, a sì ń rí i láti Mushin dé Bàrígà. Ọmọ ò mọ̀wé. Ìyá rẹ̀ sáré gba Ìdúmọ̀tà lọ, ó ra oògùn ẹ̀jẹ̀, ó ra fítámì olómi, ó ra epo ẹ̀dọ̀ ẹja, ó tún wá fi èyí tí wọ́n ya ọpọlọ sí lára páálí rẹ̀ ṣe jàrá. Gbogbo rẹ̀ lọmọ ń mu láàárọ̀. Kò sì sẹ́ni tó tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ẹ to àwọn ìgò náà sórí tábìlì, kí ẹ ka ẹ̀yìn wọn. Bí ẹ bá rí "iron" tàbí "ferrous" lára méjì, oògùn kan náà lẹ rà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí "vitamin A" tàbí "retinol" lára fítámì olómi àti lára epo ẹ̀dọ̀ ẹja, bákan náà ni. Fítámì A tó bá pọ̀ jù kì í bá ìtọ̀ jáde. Inú ẹ̀dọ̀ ọmọ ló ń kó jọ sí, ó sì ń fa ẹ̀fọ́rí àti èébì. Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ kó ìyókù kúrò nílẹ̀.

Àìtó irin (ìyẹn "iron" tó wà lára ìgò yẹn) nínú ara máa ń mú kó rẹ ọmọ, kí ọkàn rẹ̀ má sì dúró sójú kan ní kíláàsì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin kì í sọ ọmọ tí irin ara rẹ̀ ti tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò yín, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Fún ọmọ ọdún 5 sí 11, bí èsì hemoglobin (Hb) rẹ̀ bá ti wà nísàlẹ̀ 11.5 g/dL, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó. Kí wọ́n yẹ ibà wò níbẹ̀ náà. Bí ọmọ bá jẹ́ SS (sickle cell), ẹ má fún un ní irin kankan àfi tí dókítà bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn aràn ńkọ́? Albendazole 400 mg, ẹyọ kan péré, fún ọmọ tó ti pé ọdún 2 sókè.

Iye tó wà lára páálí ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ferrous sulphate 200 mg kì í ṣe irin 200 mg. Nǹkan bí 65 mg ni irin inú rẹ̀. Ti ferrous gluconate 300 mg jẹ́ nǹkan bí 35 mg. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 5 sí 12, níbi tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ́pọ̀ gan-an, ni irin 30 sí 60 mg lóòjọ́, fún oṣù 3 láàárín ọdún, kí ìtọ́jú ibà sì wà nítòsí. Ẹ wá ṣírò ìgò méjì pọ̀ kí ẹ rí i.

Ife kékeré tó bá ìgò wá ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí oògùn kan jẹ́ 5 ml. Ṣíbí ńlá inú ilé ìdáná ń gba nǹkan bí 15 ml, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ má sì fi tíì tàbí mílíìkì lé e. Ẹni tó bá fún ọmọ ní irin, tó tún gbé tíì gbígbóná fún un lójú ẹsẹ̀, gọ́tà ló da owó rẹ̀ sí. Ọsàn ni kí ẹ fún un, kí tíì dúró di wákàtí kan sí méjì. Ìgbẹ́ rẹ̀ á dúdú. Ẹ má bẹ̀rù.

Owó ìgò kẹta yẹn, ẹ gbé e lọ sí Òyìngbò, kí ẹ fi ra ẹ̀wà, edé, ẹ̀dọ̀ àti ẹja sawá. Ọmọ tó kúrò nílé láago mẹ́fà nítorí gosíló láìfẹnu kan nǹkan, kí ni fítámì fẹ́ ṣe fún un?

Tìróò ńkọ́? Òjé wà nínú èyí tó pọ̀ lára wọn, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ẹ yé lé e sójú ọmọ. Kò sí ìgò tó lè tún ohun tí òjé bá ti bàjẹ́ ṣe.

Ọmọ kan lè ní ẹ̀jẹ̀ tó pé, kó máa jẹun dáadáa, síbẹ̀ kó dàgbà tó ọmọ ọdún 9 kó ṣì máa pe b ní d. Kò sí fítámì tó ń wo ìyẹn. Ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìwé kíkà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọmọdé ní Òṣòdì. Orúkọ Yábàá ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, a mọ̀. Ẹ lọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì yé pè é ní olódo níwájú àwọn àbúrò rẹ̀.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu ọmọ, nítorí náà ẹ ti ìgò rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ọmọ bá gbé ìgò mu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi ọwọ́ họ ọ́ lọ́fun. Ó lè bì, kó tún máa ṣeré bí ẹni pé ó ti bọ́. Ẹ má gbà á gbọ́, torí ó tún lè dákú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò náà dání, kí dókítà lè ka iye irin tó wà nínú rẹ̀.