Bí ẹ ṣe lè fi machine learning mọ iye òjé tí èédú máa fà kúrò nínú omi aró

Èèpo ẹ̀gẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe láfún l'Ábẹ́òkúta, èédú rẹ̀ sì ń fa òjé mọ́ra. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi dátà kọ́ṣẹ́ (machine learning nìyẹn), kó máa sọ iye tó máa fà tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, tábìlì Excel yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá wọn omi ìgò, ìlà kan. Ká ní ẹ da omi mílílítà 50 sínú ìgò, òjé inú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 20 nínú lítà, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni omi ṣe ń kan sí) jẹ́ 5, ẹ wá fi èédú gíráàmù 0.2 sí i. Lẹ́yìn wákàtí kan ẹ sẹ́ ẹ, AAS, ẹ̀rọ tó ń wọn iye irin inú omi, ní ó ku mílígíráàmù 3 nínú lítà. Ẹ yọ 3 kúrò nínú 20, ẹ fi 20 pín in, ẹ sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún: 85 nìyẹn. Gbogbo nọ́ńbà yẹn ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà náà, títí kan bí omi ṣe gbóná tó. Bí ẹ bá ní ju irin kan lọ, ẹ kọ orúkọ irin náà sí àyè tirẹ̀, nítorí èédú máa ń fa chromium(VI), irú irin chromium kan, dáadáa nínú omi tó kan gan-an, ó sì máa ń fa òjé dáadáa ní pH 5 sí 6.

Google Colab, ibi tí ẹ ti lè kọ kóòdù Python lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní ti ọ̀fẹ́; scikit-learn, àkójọ irinṣẹ́ machine learning fún Python, náà kò gbowó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú random forest, ọ̀nà tó ń pa ìdáhùn ọ̀pọ̀ igi ìpinnu pọ̀. Kì í dààmú èèyàn bí dátà kò bá pọ̀.

Ibi tó le nìyí. Bí ẹ bá bu omi láti inú ìgò kan náà ní ìṣẹ́jú 10, 30 àti 60, ìlà mẹ́ta yẹn jẹ́ ọmọ ìyá kan. Bí méjì bá wà lára èyí tí kọ̀ǹpútà fi kọ́ṣẹ́, tí ẹ wá fi ìkẹta dán an wò, ìdáhùn ló ti rí kó tó wọlé ìdánwò. R² (máàkì bí ìdáhùn kọ̀ǹpútà ṣe bá òótọ́ mu tó) á ga, inú yín á dùn, kọ̀ǹpútà kò sì mọ nǹkan kan. Ẹ fún ìgò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ lo GroupKFold, irinṣẹ́ scikit-learn tí kì í jẹ́ kí ìlà ìgò kan náà wà nínú ẹ̀kọ́ àti ìdánwò pọ̀.

Ẹ tún wo omi aró àwọn aláàdìrẹ Ìtọ́kú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Kọ́sítíìkì sódà máa ń gbé pH rẹ̀ sókè gan-an. Bó bá jẹ́ pH 3 sí 6 nìkan ni dátà yín mọ, random forest kò lè kọjá ibẹ̀. Nọ́ńbà tó ti rí rí náà ló máa tún sọ. Ní pH gíga, òjé fúnra rẹ̀ máa ń dì sísàlẹ̀ ìgò láìsí èédú rárá, bó bá sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, á tún yòrò padà sínú omi. Torí náà, ní pH kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe ìgò kan tí kò ní èédú, kí ẹ má baà fi iṣẹ́ sódà yin èédú. Mi ò ní gba ìwádìí tí kò ní ìgò yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ iye tó ṣẹ́ kù nínú omi pẹ̀lú, kì í ṣe ìdá ọgọ́rùn-ún nìkan. Bí èédú bá fa 95 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára mílígíráàmù 20, mílígíráàmù 1 ṣì wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n òjé tí WHO fi lélẹ̀ fún omi mímu jẹ́ mílígíráàmù 0.01 nínú lítà.