Bí A Ṣe Ń Fi Èèpo Igi Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ṣe Ère Ìbí Jésù

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń so. Tí wọ́n bá ti kórè rẹ̀, wọ́n á bẹ́ ẹ lulẹ̀ kí àwọn ọmọ ìdí rẹ̀ lè ráyè dàgbà, igi á sì jẹrà sóko. Ní Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ kì í jẹ́ kó ṣòfò. Èèpo ara igi yìí ni wọ́n fi ń ṣe Màríà, Jósẹ́fù, ọmọ jòjòló àti àwọn ẹran tó yí ibùjẹ ẹran ká, tí àwọn ilé ìtajà olówò àìrẹ́nijẹ ń tà lókè òkun nígbà Kérésì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín náà tó o ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ wá èèpo. Èyí tó ti gbẹ mọ́ ara igi ló dáa jù, torí ó ti ní àwọ̀ tirẹ̀, látorí àwọ̀ oyin dé àwọ̀ kọfí, kò nílò aró. Tó bá jẹ́ tútù lẹ rí, ẹ bó o ní ìpele-ìpele, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn títí á fi máa dún pàrà-pàrà lọ́wọ́. Àkísà ni kẹ́ ẹ wọ̀ ṣiṣẹ́ o. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Ẹ má kánjú níbí. Èèpo tí kò gbẹ dénú á bu sílé ẹni tó rà á, ẹni náà ò sì ní padà wá.

Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Kó má baà fọ́, ẹ fi aṣọ tó lọ́rinrin nù ún. Ẹ má rì í sómi.

Egungun ère ló kàn. Ẹ ká wáyà kó ní orí, apá méjì àti ara gbọọrọ. Jósẹ́fù lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 15, Màríà tó kúnlẹ̀ á tó 10, Jésù ò sì gbọdọ̀ gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹ fi àjákù èèpo di ara rẹ̀ kó sanra, ẹ fi òwú so ó pinpin, kẹ́ ẹ wá fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo tó dán mọ́ ọn. Èyí tó dúdú ni ti orí àti ọwọ́, èyí tó mọ́ ni ti aṣọ. Èmi fẹ́ràn èyí tí kò ní ojú àti ẹnu: bí ẹ bá ṣe tẹ ọrùn Màríà sọ́dọ̀ ọmọ ló ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ní ti gèlè rẹ̀, kò sófin tó ní kẹ́ ẹ má wé e bíi ti ìyá ìyàwó. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji kó gbẹ.

Iye tí wọ́n ń tà á ló ń dun èèyàn. Nítorí pé wọn ò ra èèpo, ọ̀pọ̀ máa ń ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn bí ẹni ń da ilẹ̀ nù. Ẹ ṣírò wákàtí tẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi wé owó tí alágbàṣe ń gbà lójúmọ́ ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ tó fi owó wáyà, gọ́ọ̀mù àti ọkọ̀ kún un. Ìlànà World Fair Trade Organization, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olówò àìrẹ́nijẹ, ni pé tí oníṣẹ́ ọwọ́ bá béèrè, kí ẹni tó gbéṣẹ́ wá san ó kéré tán ìdajì owó sílẹ̀, láìsí èlé. Ẹ béèrè é. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni kẹ́ ẹ ti kó èèpo jọ, torí àwọn tó ń kó ọjà Kérésì lọ sókè òkun kì í dúró de Oṣù Kejìlá.