Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Fífi Kámẹ́rà Ojú Pópó Bu Owó Ìtanràn Lé Awakọ̀ Lórí

Iṣẹ́ kámẹ́rà ojú pópó ni kí ó wọn eré tí ọkọ̀ ń sá tàbí kí ó mọ ìgbà tí ọkọ̀ kọjá níbi iná pupa, kí ó ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Kò sí ìdájọ́ kankan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń lò ó, ohun tí ẹ̀rọ bá ti kọ sílẹ̀ ló ń di ìwé ìtanràn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ọkọ̀, láìsí ẹni tí ó fara balẹ̀ wo àwòrán náà láti mọ̀ bóyá ohun tí ẹ̀rọ sọ bá ohun tí ojú rí mu. N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti ní kí a kó kámẹ́rà kúrò lójú ọ̀nà, nítorí pé eré àsápajúdé ń ṣekú pa ènìyàn lójoojúmọ́, ẹ̀rọ tí kì í sùn, tí kì í sì í gba rìbá lè ràn wá lọ́wọ́ láti dín in kù. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àṣìṣe kan náà ni àwọn aláṣẹ ń ṣe láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, tí ìyà rẹ̀ sì ń jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ẹ má ṣe gba iye eré tí ẹ̀rọ kọ gbọ́ láìwo àwòrán

Ní ọdún 2012, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kámẹ́rà kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ kan ń sá eré máìlì 38 ní wákàtí kan níbi tí òfin ti fàyè gba máìlì 25. Àwòrán àti fídíò tí kámẹ́rà náà fúnra rẹ̀ yà fi hàn pé ọkọ̀ náà dúró gbọnin níbi iná pupa, tí iná bíréékì rẹ̀ sì ń tàn. Ẹ̀rí tí ó dá awakọ̀ náà láre ni wọ́n fi sínú ìwé tí wọ́n fi dá a lẹ́bi, nítorí pé kò sí ẹni tí ó wò ó dáadáa kí ó tó jáde. Ní ọdún 2014 ni ó hàn sí gbogbo ayé pé ìlú náà ti ní kí wọ́n yẹ àwọn kámẹ́rà eré rẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, àyẹ̀wò náà sì ti rí i pé ìwé ìtanràn tí ó ju 10 lọ nínú 100 ni àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, ní ọdún 2003, kámẹ́rà ọ̀nà Western Ring Road ní Melbourne sọ pé ògbólógbòó ọkọ̀ Datsun 120Y kan sá eré kìlómítà 158 ní wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n dán ọkọ̀ náà wò, gbogbo agbára rẹ̀ kò gbé e dé kìlómítà 130 ní wákàtí kan. Ìjọba ní láti fagi lé ìtanràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ tí àwọn kámẹ́rà ọ̀nà náà mú, kí wọ́n sì dá owó padà fún àwọn tí ó ti san.

Ohun tí ń fa irú èyí kò ṣòroó yé. Rádà ń rán ìgbì jáde, ó sì ń fi èyí tí ó padà sí i mọ eré ọkọ̀. Ìgbì náà lè kọ́kọ́ lu ara bọ́ọ̀sì ńlá tàbí irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ó tó padà, ọkọ̀ méjì sì lè wà níwájú rádà lẹ́ẹ̀kan náà, kí eré ọ̀kan di ẹ̀sùn sí èkejì lọ́rùn. Wáyà tí wọ́n rì sínú ọ̀dà láti mọ ìgbà tí ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú lè gbó tàbí kí omi wọ̀ ọ́. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ọ̀nà kejì wà tí a lè gbà mọ eré kan náà, tí kò gbára lé rádà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlà funfun tí a kùn sójú ọ̀dà níbi tí kámẹ́rà Gatso, irú kámẹ́rà kan tí ń lo rádà, wà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kámẹ́rà náà ń ya àwòrán méjì tí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá wà láàárín wọn, ẹni tí ó bá sì ka ìlà tí ọkọ̀ ti kọjá yóò mọ bí ó ti rìn jìnnà tó. Bí ọkọ̀ bá rìn mítà 7 láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, eré rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan lọ. Bí ẹ̀rọ bá wá kọ 80, ọ̀kan nínú méjèèjì ń parọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ìwé náà ránṣẹ́. Ìṣirò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kámẹ́rà tí kò ní ọ̀nà kejì bẹ́ẹ̀, lójú tèmi, kò yẹ ní ẹni tí a ó fún láṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ mọ ìwé kà bí ènìyàn

Ẹ̀rọ tí ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ kò mọ ohun tí ọkọ̀ jẹ́. Ìlà àti ibi tí ó tẹ̀ kọrọdọ ni ó ń wá, ó sì ń fi wọ́n wé lẹ́tà tí a ti kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ó fi ń pe 8 ní B, tí ó ń pe 0 ní O tàbí D, tí ẹrẹ̀ díẹ̀ tàbí bóòtù ara àwo nọ́ńbà sì lè sọ lẹ́tà kan di òmíràn. Ní ọdún 2021, ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kámẹ́rà tí ń ṣọ́ ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ya àwòrán obìnrin kan tí ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ, tí wọ́n kọ KNITTER sára aṣọ rẹ̀. Okùn báàgì rẹ̀ bo díẹ̀ nínú lẹ́tà náà, ẹ̀rọ sì ka ohun tí ó kù sí nọ́ńbà ọkọ̀. Tọkọtaya kan tí wọ́n ń gbé ní Surrey, tí ọkọ̀ wọn kò sí nítòsí ibẹ̀, ni ìwé ìtanràn náà lọ bá. Ọmọdé tí ó bá wo àwòrán yẹn yóò sọ pé kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ní Ningbo ní Ṣáínà, ní ọdún 2018, kámẹ́rà tí ń dá ojú ènìyàn mọ̀ fi ẹ̀sùn kan Dong Mingzhu, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ Gree, pé ó kọjá lójú títì níbi tí kò tọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀sì kan fún ìpolówó ọjà ni kámẹ́rà rí.

Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ yìí máa ń sọ pé ó ń ka nọ́ńbà 99 nínú 100 bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí a gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ mílíọ̀nù 1 bá kọjá, nọ́ńbà 10,000 ni yóò ṣì kà. Ìgbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ gan-an ni àṣìṣe kékeré ń di ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn ni yóò sì gba ìwé nílé rẹ̀, tí yóò pàdánù ọjọ́ iṣẹ́ láti lọ ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó kéré jù, kí ẹni tí ń yẹ ìwé wò fi irú ọkọ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ wé ohun tí ó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀daràn pẹ̀lú máa ń ṣe ayédèrú nọ́ńbà ẹlòmíràn sára ọkọ̀ tí wọ́n jí.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ènìyàn lu òǹtẹ̀ lásán

Èyí ni mo kà sí àṣìṣe tí ó burú jù, nítorí pé ó máa ń fara hàn bí ìwòsàn fún àwọn yòókù. Àwọn aláṣẹ yóò sọ pé òṣìṣẹ́ ń yẹ gbogbo ìwé wò, wọn yóò sì fi orúkọ àti nọ́ńbà ọlọ́pàá sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2011, ó hàn ní Baltimore yìí kan náà pé nǹkan bí 2,000 ìwé ìtanràn iná pupa ni ó jáde pẹ̀lú ìbúra àti orúkọ ọlọ́pàá kan tí ó ti kú. Ẹni tí ó ti wà nínú ilẹ̀ kò lè wo àwòrán. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ètò kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Kódà bí ẹni tí ó wà láàyè bá wò ó, ìyẹn nìkan kò tó. Ní Nẹ́dálándì, ní ọdún 2023, kámẹ́rà tí ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá wá àwọn tí ń lo fóònù nídìí ọkọ̀ mú ọkùnrin kan tí kò mú ohunkóhun lọ́wọ́, tí ó kàn ń họ orí. Owó ìtanràn náà jẹ́ 380 yúrò. Òfin ibẹ̀ ní kí ènìyàn wo àwòrán kí ìwé tó jáde, ó sì jáde síbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ ti sọ fún pé fóònù wà nínú àwòrán, fóònù ni yóò máa wá, ojú rẹ̀ yóò sì bá a rí i. Bí ó bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán láti wò lójúmọ́, tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì tọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ yóò ti mọ́ kí ó máa gbà á ṣáá.

Àyẹ̀wò tòótọ́ ní ohun tí ó ń béèrè. Ẹni tí ń ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí àwòrán náà láìjẹ́ pé a sọ èrò ẹ̀rọ fún un, kí ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ó tó fi wé ti ẹ̀rọ. Ó gbọ́dọ̀ ní àkókò tí ó tó, àti àṣẹ láti da ìwé nù láìjẹ́ pé ọ̀gá kankan bi í léèrè ìdí tí owó tí ń wọlé fi dín kù. Owó oṣù rẹ̀, àti owó ilé iṣẹ́ tí ó ni kámẹ́rà, kò gbọdọ̀ wá láti orí iye ìwé tí ó jáde. Ó sì dára kí a máa fi àwòrán tí a mọ̀ pé ó ní àṣìṣe sáàárín iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń wò ní tòótọ́. Òfin ààbò dátà ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ní abala 22, fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí ìpinnu tí yóò kan ipò rẹ̀ lábẹ́ òfin má ṣe ti ọwọ́ ẹ̀rọ nìkan wá, àyàfi ní àwọn ipò díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ tí ń ṣọ́ òfin náà sì ti ṣàlàyé pé ọwọ́ ènìyàn tí kò lágbára láti yí ìpinnu padà kò kà sí nǹkan kan.

Ẹ má ṣe gbàgbé ohun tí kò sí nínú àwòrán

Kámẹ́rà lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìlábùkù kí ìtanràn ṣì jẹ́ àìtọ́. Awakọ̀ tí ó wọ inú iná pupa lè jẹ́ ẹni tí ó ń yà fún áńbúláǹsì, tàbí ẹni tí ọlọ́pàá fọwọ́ pè kọjá. Iná fúnra rẹ̀ lè ṣàṣìṣe pẹ̀lú. Ní ọdún 2014, ọ̀gá olùṣàyẹ̀wò ìlú Chicago rí i pé nǹkan bí 77,000 ìtanràn, tí owó rẹ̀ ń lọ sí mílíọ̀nù 8 dọ́là, ni wọ́n ti fọwọ́ sí níbi tí iná ìyeyè kò ti pé ìṣẹ́jú àáyá 3 tí ó yẹ kí ó lò kí ó tó di pupa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, àjọ tí ń bójú tó òpópónà ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́wọ́ pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 ni ó ti wà láàárín ìgbà tí àmì eré bá yí padà àti ìgbà tí àwọn kámẹ́rà kan tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé wọ́n ń fi òfin tí ó ti kúrò lójú ọ̀nà mú awakọ̀.

Àṣìṣe tún lè wọlé lẹ́yìn tí kámẹ́rà ti parí tirẹ̀. Ní ọdún 2023, ìjọba Queensland ní Ọsirélíà kéde pé ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti fi àmì ìjìyà ìlọ́po méjì sí orúkọ awakọ̀ tí ó ju 1,800 lọ lọ́nà àìtọ́ lórí ọ̀ràn bẹ́líìtì ìjókòó, tí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àwọn tí ó ju 600 lọ nínú wọn sì ti bọ́ nítorí rẹ̀. Ní Victoria ní ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà nítorí ẹni tí ń tún wọn ṣe ki ohun ìkódàtàsí tí ó ti kó fáírọ́ọ̀sì bọ̀ wọ́n.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ìlànà kan bá fún ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ láti rojọ́, ó gbọ́dọ̀ fún awakọ̀ ní ibi tí yóò ti fèsì, níwájú ènìyàn, kí owó tó di gbèsè sí i lọ́rùn.

Bí ìwé ìtanràn bá dé ọ̀dọ̀ yín

Ẹ má ṣe jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé ẹ mọ̀ pé ẹ kò ṣẹ̀, nítorí ọjọ́ tí òfin fún yín láti fèsì ń lọ, owó náà sì lè lé sí i. Ẹ má sì ṣe sáré san án kí ọkàn yín lè balẹ̀, torí pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ó bá ti san ti gbà pé òun jẹ̀bi, kò sì sí ẹjọ́ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè gbogbo àwòrán àti fídíò, kí ẹ wo ọjọ́, aago, àwọ̀ ọkọ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tí ó fi ọjọ́ tí wọ́n yẹ ìwọ̀n ẹ̀rọ náà wò kẹ́yìn hàn. Ní Jámánì, ilé ẹjọ́ òfin orílẹ̀-èdè ti ìpínlẹ̀ Saarland dájọ́ ní ọdún 2019 pé ẹ̀rọ tí kò tọ́jú dátà tí ó fi wọn eré kò fún awakọ̀ ní ẹjọ́ òdodo. Ní ọdún 2020, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lórí òfin orílẹ̀-èdè náà sọ pé awakọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí dátà wíwọn náà bí ó bá béèrè rẹ̀. Ẹ kọ èsì yín sínú ìwé, ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn, ìbáà ṣe rìsíìtì tí ó fi hàn pé ibòmíràn ni ọkọ̀ wà tàbí ìwé tí ẹ fi tà á, kí ẹ sì béèrè orúkọ ipò ẹni tí ó wo àwòrán náà àti ọjọ́ tí ó wò ó.