Bí a ṣe ń yan ohun ìṣeré ọmọdé: onígi ni ká rà ni, àbí oníke?

Ọ̀pọ̀ òbí ti pinnu kí wọ́n tó dé ìdí ọjà. Àwọn kan gbà pé igi ló dára fún ọmọ, nítorí inú igbó ló ti wá, kò sì lè ní kẹ́míkà nínú. Àwọn mìíràn fara mọ́ ike: ó fúyẹ́, ó ṣe é fọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ń wu ọmọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tọ̀tún-tòsì. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ RC2 ní Amẹ́ríkà pe nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ohun ìṣeré padà nítorí òjé tó wà nínú ọ̀dà wọn, ọkọ̀ ojú irin onígi àti àwọn ohun tó ń bá a rìn sì ni wọ́n. Kò sóhun tó ṣe igi abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ni májèlé wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n yẹ ohun ìṣeré náà gan-an wò, kí wọ́n má kàn gba orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é gbọ́. Bí a ṣe ń ṣe é rèé.

1. Ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹnu ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan fi ń mọ ayé. Ohunkóhun tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ẹnu ló ń lọ, lẹ́yìn náà ni yóò jù ú nù. Ọmọ oṣù mẹ́fà tó bá gbá igi wúwo mú, iwájú orí ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi lù. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohun tó fúyẹ́, tó sì ṣe é fọ̀ léraléra ni mo fara mọ́, yálà ike tó dán tàbí òrùka igi kékeré tí wọn kò kun ní ọ̀dà rárá.

Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan lé ara wọn, igi gba iwájú. Ẹ wo ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tó ń to bíríkì onígi. Ó gbé ìkẹta lé ìkejì, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, síbẹ̀ bíríkì náà dúró, nítorí ìwúwo rẹ̀ ló dì í mú. Ó yọ ọwọ́ kúrò, ó wo ojú yín, ó sì na ọwọ́ mú ìkẹrin. Bó bá jẹ́ ike tí inú rẹ̀ ṣófo ni, bí apá ọmọ bá ṣèèṣì kàn án báyìí, ó ti wó. Friedrich Fröbel, olùkọ́ ará Jámánì tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní ọdún 1840, igi gígé lásán tí kò ní àwòrán kankan lára ló ń fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, títí dòní sì ni wọ́n ń tò ó.

Ike tún gba ipò rẹ̀ padà bí ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀ sí i. Káfíńtà ló dá ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré LEGO sílẹ̀ ní Denmark ní ọdún 1932, igi ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 1960, wọ́n pa igi tì. Bíríkì tó ń há mọ́ ara wọn pinpin, tó sì tún ṣe é tú pẹ̀lú ọwọ́ ọmọ, ike ló lè ṣe é.

2. Ẹ wọn bó ṣe tóbi tó

Ìgbésẹ̀ yìí ni kí ẹ má ṣe fò rárá. Àwọn tó ń yẹ ohun ìṣeré wò ní Amẹ́ríkà ní ife kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 31.7. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ tán lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lọ́fun. Nínú ilé, páálí róbótó tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí tíṣù ilé ìyàgbẹ́ bá tán lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ti ife yẹn lọ, nítorí náà ó tún le sí i, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ. Ẹ sọ ohun ìṣeré náà sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa táyà rẹ̀, ẹ fa ojú rẹ̀, ẹ fa ohunkóhun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó bá já, ẹ sọ òun náà sínú páálí yẹn. Ti bọ́ọ̀lù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé róbótó ló rí, ó sì lè dí ọ̀nà ọ̀fun pátápátá: bí kò bá fẹ̀ ju mìlímítà 44.5 lọ, kì í ṣe ti ọmọ kékeré.

Ẹ máa rí àmì róbótó kan lára páálí ọjà, tí ojú ọmọ àti 0-3 wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fa ìlà lé e lórí. Àwọn òbí kan máa ń rò pé ohun tí ó ń sọ ni pé ohun ìṣeré náà ti le jù fún òye ọmọ, wọ́n á ní tiwọn gbọ́n, wọ́n á sì rà á. Ọ̀rọ̀ òye kọ́ ló wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀fun ni.

3. Bó bá jẹ́ onígi

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo ara rẹ̀, etí rẹ̀ àti inú ihò rẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ti yi jù tí ẹ kò lè mọ ẹ̀gún igi, ẹ wá ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àwọn obìnrin, kí ẹ fi fà á lára rẹ̀. Ibi tí ìbọ̀sẹ̀ náà bá ti kọ́, ibẹ̀ ni yóò ti gún ọmọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rin aṣọ funfun, kí ẹ fi ra ọ̀dà ara rẹ̀ dáadáa. Bí àwọ̀ bá mọ́ aṣọ, yóò mọ́ ẹnu ọmọ. Ẹ tún fi èékánná họ ibi kan tó fara sin, kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣí. Ojú kò lè rí òjé ṣá o. Nítorí náà, ohun ìṣeré tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára, tí ọ̀dà rẹ̀ sì pọ̀, èmi kì í gbà á. Èyí tí wọn kò kùn, tàbí tí òróró nìkan wà lára rẹ̀, ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tí ìyá àgbà tọ́jú láti ìgbà èwe rẹ̀: ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà tó fòfin de ọ̀dà olójé nínú ohun ìṣeré, torí náà ẹ gbé e sórí pẹpẹ kí ọmọ máa wò ó.

Ẹ wo etí igi náà pẹ̀lú. Igi gidi ní ìlà tó wọ inú rẹ̀ lọ. Èyí tó rí bíi páálí líle, tí kò ní ìlà kankan, lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, irú gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń ní kẹ́míkà olóòórùn kan tí wọ́n ń pè ní formaldehyde nínú. Bó bá ń rùn sí yín nímú, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

4. Bó bá jẹ́ oníke

Imú ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ike rírọ̀ tó ń ta sánsán, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ PVC, oríṣi ike kan tí wọ́n fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ phthalate rọ̀. Láti ọdún 2008 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi òté lé oríṣi phthalate kan nínú ohun ìṣeré, kó má ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí nọ́ńbà bá wà nínú àmì onígun mẹ́ta lára rẹ̀, 3 ni PVC. 2 àti 5 ni kí ẹ wá. Ọ̀pọ̀ ohun ìṣeré ni kò ní nọ́ńbà rárá.

Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ike tó bá ń dún kẹ́kẹ́ bí ẹni fẹ́ kán, etí mímú ni yóò kù sí ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá fi gbá ilẹ̀.

5. Bátìrì àti òòfà

Bátìrì pẹlẹbẹ tó rí bíi bọ́tìnì lè jó ọ̀fun ọmọ láàárín wákàtí méjì. Ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ìṣó oníyìí dè. Bí ẹ bá fura pé ọmọ gbé e mì, ilé ìwòsàn tààrà ni. Òòfà kéékèèké náà kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn nínú ìfun, wọ́n á sì dá ihò sí ìfun náà.

6. Ẹ bi ara yín pé, kí ni ọmọ yóò fi ṣe?

Ní ọdún 2016, ìwádìí kan jáde nínú JAMA Pediatrics, ìwé ìwádìí àwọn oníṣègùn ọmọdé, níbi tí wọ́n ti tẹ́tí sí òbí 26 àti ọmọ wọn tó wà láàárín oṣù 10 sí 16. Nígbà tí ohun ìṣeré abánáṣiṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀, tó ń kọrin, bá wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí òbí ń bá ọmọ sọ dín kù ju ìgbà tí ó jẹ́ bíríkì tàbí ìwé lọ. Ẹ̀rọ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òbí. Fún èmi, èyí ṣe pàtàkì ju igi àbí ike lọ. Bíríkì oníke tí ẹ jọ ń tò, tí ẹ ń dárúkọ àwọ̀ rẹ̀, sàn ju ọkọ̀ onígi olówó ńlá tó wà lórí pẹpẹ.

Ẹ má sì rà á lọ títí. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Toledo ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2018, fi hàn pé ọmọdé tí wọ́n kó ohun ìṣeré mẹ́rin fún pẹ́ sí i nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan ju ìgbà tí wọ́n kó mẹ́rìndínlógún sílẹ̀ fún un. Ẹ kó ìyókù pamọ́, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn.

7. Ìtọ́jú

Ẹ má rẹ igi sínú omi, yóò wú, yóò sì là. Aṣọ tó rin pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ ti tó, kí ẹ sì fi í síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ títí yóò fi gbẹ. Ike ṣe é fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ fọ̀, àfi èyí tó ní ihò nídìí tí ọmọ fi ń wẹ̀. Omi máa ń wà nínú rẹ̀, èbu dúdú á sì hù sí i. Ẹ fún un sórí aṣọ funfun kí ẹ wò ó.

Ẹ máa yẹ gbogbo wọn wò látìgbàdégbà. Igi tó ti ní ẹ̀gún, bí kò bá ní ọ̀dà, ẹ fi sánpépà fá a títí yóò fi dán, kí ẹ nu lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó dá a padà fún ọmọ. Ike tó bá ti sán kò ní àtúnṣe. Ẹ kó o jù nù lọ́jọ́ náà gan-an.