Bí mo ṣe yọ àwọn ajá Road Rovers jáde kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní Kàbà

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wà nílé wa ní Kàbà tí gbogbo wa ń pè ní "kásẹ́ẹ̀tì ajá". Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ránṣẹ́ sí wa láti Amẹ́ríkà nígbà tí a wà ní kékeré. Ó fi fídíò ilé rẹ̀ gba eré náà sílẹ̀ tààrà látorí tẹlifíṣàn, tìpolówó ọjà tìpolówó ọjà. Road Rovers ni eré ọ̀hún, eré àwòrán tí àwọn ajá ti ń lé ọ̀daràn kiri ayé. Lọ́dún yìí ni mo gbé e kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà. Mo ń kọ bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀ torí mo mọ̀ pé irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ṣì kún inú àpótí àwọn ìyá wa láti Ìyàrá títí dé Ẹ̀gbẹ̀, tí kò sì sí fídíò tí a ó fi wò wọ́n mọ́.

Ẹni tí kò bá mọ Road Rovers, mi ò bá a wí. Eré náà kò pẹ́ láyé rárá. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1996 ló bẹ̀rẹ̀ lórí Kids' WB, ètò àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣàn kan ní Amẹ́ríkà. Apá 13 péré ni wọ́n ṣe, ó sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1997. Warner Bros. ló ṣe é. Jeph Loeb àti Tom Ruegger ló dá a sílẹ̀, Ruegger yìí kan náà ló sì wà nídìí eré àwòrán Animaniacs, nítorí náà ẹni tó bá ti wo ìyẹn rí á mọ ibi tí ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ ti ṣàn wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Shepherd ló ní ẹ̀rọ tó ń sọ ajá di abàmì: wọ́n á dìde lórí ẹsẹ̀ méjì, wọ́n á wọ ẹ̀wù ìjà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ajá márùn-ún ni, láti ilẹ̀ márùn-ún. Hunter, ajá Amẹ́ríkà tí kò nílé tí kò lọ́nà tẹ́lẹ̀, ni olórí wọn, eré sísá sì ni tirẹ̀. Colleen wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá lò ju gbogbo wọn lọ. Blitz ti Jámánì ní eyín àti èékánná, ó sì ní ìgbéraga. Exile ti Rọ́ṣíà, ojú rẹ̀ lè dáná, ó sì lè sọ nǹkan di yìnyín. Shag ti Swítsálándì ni onírun rẹpẹtẹ. Inú irun yẹn ló máa ń ti yọ ohun ìjà ńláńlá jáde, bẹ́ẹ̀ ojo paraku ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì yé ẹnikẹ́ni àfi àwọn ajá ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ tán, kálukú á padà di ajá lásán, á sì gba ilé ọ̀gá rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀gá wọn náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ, àwọn olórí ìjọba ni. Ìgbà tí ìyá wa kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ó ní: "Ajá tó ń jẹran láàfin ààrẹ, kí ló tún ń wá nínú ìjà?" Mi ò tíì rí ẹni tó dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ká sọ òótọ́, ìjà inú rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Èébú àti àfojúdi tó wà láàárín wọn ni mo ń wò. Blitz fẹ́ràn Colleen débi tí kò fi mọ ohun tó ń ṣe mọ́, Colleen á sì máa ṣe bí ẹni tí kò rí i rí láyé. Wọ́n lè jọ wọ ọkọ̀ kan náà, kí wọ́n jọ ja ìjà kan náà, kí Blitz wá sún mọ́ ọn láti sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, Colleen á kàn wò ó, á ní: "Ta nìwọ?" Ẹ̀fẹ̀ yìí kò kúrò nílé wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí mo bá ní kí àbúrò mi lọ pọnmi, á wò mí láti òkè délẹ̀, á ní, "Ta nìwọ?" Ó jẹ ìgbájú nítorí ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wa, nígbà tó gbàgbé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Muzzle tún wà, ajá ńlá irú Rottweiler tí wọn kì í sọ di abàmì ní tirẹ̀. Wọ́n á dì í gbọnyin, wọ́n á fi ìdènu sí i lẹ́nu, wọ́n á máa tì í kiri lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Ó di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá le kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní ti ọ̀tá wọn àgbà, Ọ̀gágun Parvo, ìgbà tí àrùn parvo pa àwọn ọmọ ajá àdúgbò wa, tí wọ́n ń ya ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń bì, ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀fẹ̀ inú eré náà ni wọ́n ṣe fún ọmọdé.

Ó yá, iṣẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú àpótí irin ìyá wa, lábẹ́ àwọn ìró, pẹ̀lú káńfọ̀. Mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo wò ó láti ojú gíláàsì rẹ̀: nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti bo ẹ̀gbẹ́ téèpù. Ebu ni. Tí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ má ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú fídíò kankan o, torí ebu á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì ràn án mọ́ kásẹ́ẹ̀tì mìíràn. Mo wọ ìbòmú, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ wà, mo jìnnà sí oòrùn. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà ló bu sípírítì tí wọ́n fi ń fọ bọ́ọ̀dù fóònù fún mi. Òun ló dára jù, kì í fi omi sílẹ̀ lára nǹkan.

Ihò kékeré kan wà ní abẹ́ kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ní àárín gbùngbùn. Bí ẹ bá fi orí bírò tì í wọlé, ìjánu tó di àwọn kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ mú á tú, ẹ ó sì lè fọwọ́ yí téèpù bó ṣe wù yín. Bọ́tìnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń ṣí ìlẹ̀kùn iwájú rẹ̀. Mo fi aṣọ rírọ̀ tí kì í yọ fùlùfúlù gbá téèpù mú fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì ń yí kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí aṣọ bá ti dọ̀tí màá pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló gba àkókò jù nínú gbogbo rẹ̀, kò sì ní àbùjá. Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ́ ike kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, èyí tó jẹ́ pé bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rọ kankan kò ní lè gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Ká ní ẹnìkan ti ṣẹ́ ẹ láyé ọjọ́un ni, ìtàn tí mo máa tó sọ kì bá tí wáyé.

Fídíò àkọ́kọ́ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ jẹ́ ti ará ìjọ wa kan. Kò ní àléébù, PAL, ìlànà àwòrán tẹlifíṣàn ti ọ̀dọ̀ wa, nìkan ló mọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì láti Amẹ́ríkà sì rèé, NTSC, ìlànà tiwọn, ni. Àwòrán ń yí gbiri lójú tẹlifíṣàn bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ títa sókè, Colleen sì ń fọhùn bí bàbá àgbà tí oorun ń kùn. Ìdí rẹ̀ ni pé téèpù NTSC ń sáré nínú ẹ̀rọ ju ti PAL lọ. Bí ẹ bá fi í sínú ẹ̀rọ PAL, á máa rìn jẹ́jẹ́, ohùn á sì rẹlẹ̀. Àwòrán wọn náà kò bára mu: ìlà 525 ni ti NTSC, fọ́tò bí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí PAL tí a ń lò ní Nàìjíríà jẹ́ ìlà 625 àti fọ́tò 25. Àwọn ọmọ tó wà nílé lọ́jọ́ náà ní kí n má yí i padà mọ́, pé bó ṣe wà yẹn ló dára jù.

Fídíò tó mọ méjèèjì ni mo nílò, irú èyí tí bàbá wa rà láyé ọjọ́un kó tó bàjẹ́. Wọ́n júwe bàbá kan fún mi ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, pé kì í ju nǹkan nù.

"Ọ̀kún o, Bàbá."

"Ọ̀kún, ọmọ mi. Wọ́n ní fídíò lo wá wò. Fíìmù wo lo fẹ́ fi í wò lóde òní?"

Mo sọ fún wọn pé fíìmù ajá ni. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ó dára, àwọn á yá mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ṣe ti ajá tán, mo máa bá àwọn ṣe ti ìgbéyàwó ọmọbìnrin àwọn. Mo gbà.

Eruku ọyẹ́ ọdún mélòó kan ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Mo ṣí i, mo fẹ́ ẹ, mo sì nu orí rẹ̀, ìyẹn ìlù fàdákà tó ń yí nínú rẹ̀. Ẹ má lo òwú etí o, á há síbẹ̀. Bébà lásán tí a rin ní sípírítì ni kí ẹ fi kàn án, kí ẹ dì í mú kó dúró sójú kan, kí ẹ fi ọwọ́ kejì yí ìlù náà. Ẹ kò gbọdọ̀ fà á sókè-sódò láé, orí rẹ̀ á ṣẹ́.

Mo fi wáyà yẹ́lò, funfun àti pupa so ẹ̀rọ mọ́ irinṣẹ́ kékeré tó ń wọ ojú USB kọ̀ǹpútà, mo ṣí OBS, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gba àwòrán sílẹ̀, àwòrán sì yọ. Dúdú àti funfun ni. Ìdí rẹ̀ wà lẹ́yìn fídíò Bàbá: bọ́tìnì kan tó ní 3.58 àti 4.43. Orí 4.43 ló wà, èyí tí wọ́n ṣe kí tẹlifíṣàn PAL lè rí àwọ̀ NTSC. Tẹlifíṣàn gbà á, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ USB tèmi kò mọ̀ ọ́n. Mo tì í sí 3.58, àwọ̀ sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ yín kí ẹ tó bú irinṣẹ́ yín.

Mo gbé ìwọ̀n àwòrán sí 720×480, mo gbé fọ́tò ìṣẹ́jú àáyá kan sí 29.97. Nǹkan tó tún kù ni àwọn ìlà tín-ín-rín bí eyín òòyà tó máa ń yọ lára ohunkóhun tó bá ń yára. Hunter ló jìyà rẹ̀ jù, torí òun ló ń sáré. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbéra ni ara rẹ̀ ń fọ́ sí ìlà ìlà. Nínú OBS, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún màúsì tẹ orí orísun àwòrán náà, ẹ yan Yadif 2x níbi tí wọ́n kọ Deinterlacing sí, á dán. Ní ti iná, ìnáfátà ni mo gbára lé. Bí iná bá lọ láàárín, a máa tún bẹ̀rẹ̀ ni, torí kò sí bí èèyàn ṣe lè yára fi kásẹ́ẹ̀tì gba nǹkan: eré wákàtí kan máa gba wákàtí kan. Mo fi í sí 6 Mb/s, èyí tó gba bíi 2.7 GB fún wákàtí kọ̀ọ̀kan.

A ń wò ó bó ṣe ń wọlé. Apá tó kẹ́yìn lórí kásẹ́ẹ̀tì náà ti dé ibi tó gbóná, wọ́n ti ti kẹ̀kẹ́ Muzzle jáde, wọ́n fẹ́ tú u. Àwòrán já. Ìlà funfun kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó tún yọ ni kanopí, àwọn onífèrè, àti àwọn ìyá tó wọ ànkárá kan náà tí wọ́n ń jó bọ̀ wá sí iwájú kámẹ́rà: ìsìnkú ìyá àgbà wa. Ẹnìkan nílé wa ti gbé kásẹ́ẹ̀tì ajá fún oníkámẹ́rà pé ìdajì rẹ̀ ṣì ṣófo, kí ló dé tí a ó fi ra tuntun. Kì í kúkú ṣe pé ó ṣófo. Mo béèrè ẹni tó ṣe é, ìyá wa ní kí n má da ọjọ́ àwọn ru.

PAL ni ti ìsìnkú, torí náà mo ní láti dá a dúró, kí n yí gbogbo ètò sí 720×576 àti 25, kí n tó gbà á lọ́tọ̀. Ìyá wa fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ń dárúkọ àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà láyé àti èyí tó ti lọ, wọ́n sì ní kí n padà sí ibi tí àwọn fúnra wọn ti jó wọlé. Ara wọn le nígbà náà. "Èyí ló yẹ kí o máa ṣe láti àárọ̀," ni wọ́n wí, "o jókòó ti ajá."

Mo mọ̀ pé Warner Archive, ẹ̀ka Warner tó ń tún eré àtijọ́ gbé jáde, gbé apá 13 náà jáde lórí DVD ní 2015, àwòrán ibẹ̀ á sì mọ́ ju tèmi lọ. Ibẹ̀ ni mo máa ti wá ohun tí Muzzle ṣe fún àwọn ọmọ, torí mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe rántí rẹ̀, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Ṣùgbọ́n DVD kò ní ìpolówó ọjà àárọ̀ Sátidé, àwọn yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ béèrè nígbà tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo fi ẹ̀dà kan sí háàdì ilé, ọ̀kan sí fóònù àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n mi náà gba tirẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó ọmọ Bàbá ló wà níwájú mi báyìí. PAL ni látòkè délẹ̀, kò ní wàhálà bọ́tìnì, ṣùgbọ́n ebu tirẹ̀ ju tiwa lọ fíìfíì, mo sì ti tún padà lọ bẹ àwọn oníṣẹ́ fóònù fún sípírítì.